Oko Ta Ni Ìkẹjà?

 Ìbéèrè kan wà tí bàbá àgbàlagbà kan bi mí ní ọdún 2009, tí n kò rí ìdáhùn sí níwájú rẹ̀, tí n kò sì tíì rí ìdáhùn sí títí di òní. Kí n tó sọ ìbéèrè náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi ọmọ Ọ̀fà ṣe dé ibi tí wọ́n ti bi mí í.

Ọ̀fà ni ilé wa, ṣùgbọ́n Múṣin ni wọ́n bí mi sí ní 1980. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ mi léèrè, ẹ óò rí i pé ìtàn púpọ̀ nínú wa jọra. Múṣin, Agége, Oṣòdì ni wọ́n ti bí wa. Nígbà ọlidé ni wọ́n ń kó wa wá sílé kí ìyá bàbá wa lè mọ ojú wa, kí àwa náà lè mọ ọ̀nà agbo ilé. Ojú irin ló fa gbogbo rẹ̀. Ní 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí yóò sì fi di 1909 ó ti dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Ọ̀fà wà lójú ọ̀nà náà gan-an, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì di ibùdókọ̀ ńlá. Ìlú tí ogun ti fọ́ nígbà ìjà òun àti Ìlọrin, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wá tún un kọ́, ó bá ọkọ̀ olóòfin irin pàdé lójijì. Bí wọ́n ti ń di àpò ànàmọ́ sínú ọkọ̀ náà (ànàmọ́ ni àwa ń pe èyí tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní kúnkúndùnkún, ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà rárá), bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ inú rẹ̀ lọ.

Bàbá mi wọ inú rẹ̀ ní 1971. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó máa ń ka àwọn ibùdókọ̀ náà fún wa bí ẹni ń ka orin: Òkukù, Ìkìrun, Òṣogbo, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìfọ́, Agége. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Ará ilé wa kan tí ó ti ṣáájú rẹ̀ lọ ló pàdé rẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ríṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó lò níbẹ̀.

Èmi tí mo wá di ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ jẹun, láti inú iléeṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀. Bàbá mi kò ní ọ̀sẹ̀ bí ti àwọn ẹlòmíràn. Ṣífíìtì ni ó ní: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti òru. Bí ìyá mi bá ní, "Bàbá yín ń ṣe òru lọ́sẹ̀ yìí o," a mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ pariwo lọ́sàn-án nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń gbé. Ófátáìmù ni owó bàtà ọdún. Fọ́máànù ni ẹni tí a kò gbọdọ̀ ṣẹ̀. Kásúà sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí kásúà ni òṣìṣẹ́ tí a kò tíì gbà wọlé dáadáa, tí wọ́n lè sọ fún ní ẹnu géètì láàárọ̀ pé kò síṣẹ́ fún un lónìí. Ọdún méjì ni bàbá mi fi ṣe kásúà kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ "iléeṣẹ́" fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ibi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní àgbẹ̀dẹ, aláró ní ibi tí ìkòkò aró rẹ̀ wà, ahunṣọ ní òfì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n inú ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ni ìwọ̀nyí máa ń wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jáde nílé lọ ṣe iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, oko ni. Ilé yàtọ̀, oko yàtọ̀. Láàrin méjèèjì ni ọjọ́ ọmọ Yorùbá ń yí. Iléeṣẹ́ wá dé, ó gba àyè oko, ṣùgbọ́n "ilé" ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: ilé tí iṣẹ́ ń gbé, tí òṣìṣẹ́ kì í gbé. Lónìí a ti na ọ̀rọ̀ náà débi pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wà, iléeṣẹ́ rédíò wà, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá wà, níbi tí a kò ti lè rí ọkọ́ kan ṣoṣo.

Báwo ni Ìkẹjà ṣe di ibi iléeṣẹ́? Àwọn kan rò pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o, ẹnìkan ló jókòó ró o. Títí di 1967, Ìkẹjà kò sí lábẹ́ Èkó. Èkó tirẹ̀ jẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀, ààlà rẹ̀ kò sì gùn lọ sí òkè. Ìkẹjà, Múṣin, Agége àti Ìkòròdú wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Ìbàdàn ń ṣàkóso. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ń fẹ́ ibi tí ó súnmọ́ èbúté Àpápá, tí ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà ń fẹ́ kí iléeṣẹ́ wọ̀nyí wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀, kí owó orí wọn lè wọ àpò Ìbàdàn. Nítorí náà, ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n mú ilẹ̀ ní Ìkẹjà, kété tí a bá ti kúrò ní ààlà Èkó, wọ́n la títì sí i, wọ́n fa iná àti omi sí i, wọ́n sì pe àwọn onílé-iṣẹ́ wá. Guinness dé ní 1962.  Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀. Àwọn aláṣọ dé, àwọn oníbisikíìtì dé, àwọn olóògùn dé. Ìlúpéjú tẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́ Múṣin, ìlú sì péjú síbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ó la títì fún ẹ̀rọ kò kọ́lé fún ènìyàn tó. Múṣin ni ó gbà wá. Ìlú Èkó nìkan ṣoṣo, láìka Múṣin àti Ìkẹjà mọ́ ọn, ní nǹkan bí 230,000 ènìyàn ní 1950. Ní 1963 ó ti di nǹkan bí 665,000. Nígbà ìkànìyàn 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Múṣin tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí kìlómítà mẹ́tàdínlógún níbùú lóròó ní ènìyàn tí ó lé ní 600,000, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì tún ń jà pé iye náà kéré jù. Ọ̀fà, ìlú aládé, ìlú tí ó ní ìtàn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò tó 90,000 nínú ìkànìyàn kan náà. Yàrá mẹ́wàá ni ó wà nílé tí wọ́n bí mi sí, márùn-ún ń wo márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàrin, ilé ìwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan, kànga kan. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan. A mọ ohun tí gbogbo ilé ń sè, a sì mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sè.

Ní ilẹ̀ mìíràn náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí. Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ìyá wa mọ orúkọ rẹ̀ lára aṣọ, ní ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní 70,000 ní 1801. Nígbà tí ó fi di 1851, wọ́n ti lé ní 300,000. Ọmọ Jámánì kan, Friedrich Engels, tí bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú iléeṣẹ́ òwú níbẹ̀, kọ ìwé kan jáde ní 1845 lórí ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ nínú yàrá kótópó. Nígbà tí mo kà á ní yunifásítì, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ilé náà. Mo ti gbé inú rẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, n kò sì rí i nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lọ sí Manchester kò ní ilẹ̀ kankan lẹ́yìn mọ́. Wọ́n ti ti ọgbà yí ilẹ̀ tí gbogbo ará abúlé jọ ń lò tẹ́lẹ̀ ká, ó ti di ti ọlọ́lá. Àwa ní ilé lẹ́yìn. Bàbá mi gbé Múṣin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò gbọ́ kí ó pè é ní ilé rí. "Èkó" ni ó ń pè é. Ọ̀fà ni ilé. Búlọ́ọ̀kù tí ó ń rà ní mẹ́wàámẹ́wàá pẹ̀lú owó ófátáìmù, Ọ̀fà ni ó ń kó o sí.

Ní báyìí mo lè dé orí ìbéèrè náà.

Ní 2009, mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀ka-èdè Àwórì wà lára ohun tí mo ń gba sílẹ̀, nítorí pé Àwórì ni ó ni ilẹ̀ Ìkẹjà àti gbogbo àyíká rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Èkó bí ìlú òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ wà láàrin ògiri iléeṣẹ́ kan tí ó ti kógbá wọlé àti ilé ìkẹ́rùsí kan tí ó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi kalẹ̀, mo ń bi í ní orúkọ nǹkan: ẹ̀yà ara, ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ oko. Ó ń dáhùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé omi wọlé fún wa, ó bá bàbá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ ní irú Yorùbá tí gbogbo Èkó ń sọ, tí mo ń sọ, tí ẹ̀ẹ́ ń kà yìí. Mo béèrè bóyá ó gbọ́ Àwórì. Bàbá ní, "Ta ni yóò máa bá a sọ ọ́? Èmi pẹ̀lú ta?" Ayálégbé méjìdínlógún ló wà nílé náà, Èkìtì, Ìgbómìnà, Ẹ̀gbá, Ìgbò. Kò sí Àwórì kankan.

Mo bi í nípa orúkọ Ìkẹjà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn yẹn ná, pé àgékúrú ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé wọ́n kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ "Ikorodu and Epe Joint Administration" jọ ni wọ́n fi rí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́. Bí ẹ bá ka lẹ́tà wọ̀nyẹn fúnra yín, ẹ óò rí i pé wọ́n ní láti yọ́ kẹ́lẹ́ jí K nínú Ìkòròdú kí ó tó lè yọrí, kí wọ́n sì ju lẹ́tà "and" nù. Àwọn àgbà Àwórì ní orúkọ òrìṣà kan tí wọ́n bá wá láti Ọ̀tà, Akẹja, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Múṣin náà, èso iṣin ni wọ́n ní ó wà nídìí rẹ̀, tí àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ń ká jẹ. Kò sí igi iṣin kankan ní Múṣin tí mo gbé. Mo ti rò ó títí, ohun tí ó mú ìtàn àgékúrú yẹn rọrùn láti gbà gbọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè wo títì, ògiri àti èéfín yẹn kí ó rò pé abúlé kan wà níbẹ̀ tí ó ti ní orúkọ. Ó dà bíi pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti bí gbogbo ibẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ sí ògiri iléeṣẹ́ náà. Ó ní, "Obì bàbá mi ló wà níbẹ̀." Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n ka igi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sanwó igi. Ìbínú kò sí lóhùn rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀lẹ́bí òun náà ta púpọ̀ nínú ìyókù, pé àwọn kan lówó nínú rẹ̀, àwọn kan sì fi í mu ọtí. Ó tọ́ kí n sọ ìyẹn. Nílé tiwa, bí wọ́n bá dárúkọ ọmọ onílẹ̀, èébú ni. Bí onílé bá fi náírà mélòó kan kún owó ilé, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò ṣépè. N kò rò ó rí pé onílé yẹn náà ní oko tí ó ti sọnù.

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí:

"Ọmọ, ibo ni o ti wá?"

"Ọ̀fà ni, Bàbá."

"Ẹ máa ń lọ sílé lọ́dún?"

"A máa ń lọ, Bàbá. Ọdún Iléyá, ọdún Kérésì, a máa ń lọ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nílé yìí náà máa ń lọ. Bí ọdún bá dé, wọn a di ẹrù, wọn a kí mi, wọn a ní, Bàbá, a ń lọ sílé o. Gbogbo ibí á wá dá." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àwa ńkọ́? Ibo ni àwa ń lọ?"

Ẹ̀rọ náà ṣì ń gba ohùn sílẹ̀. Mo ṣì ní i lọ́wọ́: ìbéèrè náà, ìdákẹ́jẹ́ tèmi, àti ariwo ẹ̀rọ amúnáwá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìwé oyè mi, orúkọ irinṣẹ́ oko ni mo kọ.

Iléeṣẹ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2002. Ohun tí ó pa á ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Láti 1986 tí ìjọba ti yí ètò ọrọ̀ ajé padà ni náírà ti ń wálẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń rà lókè òkun fún ẹ̀rọ ń gbówó lórí; iná kò dúró, epo tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ amúnáwá ń jẹ èrè; aṣọ tí wọ́n kó wọlé gba ẹ̀yìn ibodè sì pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Dunlop náà ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà ní 2008. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi, ìdajì ni wọ́n san. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ọ̀fà, sínú ilé tí ó fi búlọ́ọ̀kù mẹ́wàámẹ́wàá kọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tuntun ti ṣí lọ sí Àgbárá àti Ọ̀tà, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ti lé ní 500,000 ènìyàn ní 2006. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà náà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kì bá dára bí wọ́n bá kọ́ iléeṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ tiwa, kí bàbá mi má ti lọ. Wọ́n kọ́ ọ. Ní 1964 ni iléeṣẹ́ ṣúgà Bacita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ bébà Jẹ́bà tẹ̀ lé e. Méjèèjì wà ní Kwara, méjèèjì dákẹ́. N kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ lórí ìyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo lọ kí bàbá mi ní Ọ̀fà. A jókòó síwájú ilé lálẹ́, a ń jẹ ànàmọ́ sísun. Mo gbé ohùn bàbá Àwórì yẹn jáde lórí fóònù mi, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ tán, kò sọ nǹkan kan. Mo bi í léèrè pé, "Bàbá, ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà níbẹ̀, ṣé ẹ mọ oko ta ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ yín sí?"

"Wọ́n ní ti ìjọba ni."

Ó jẹ ànàmọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ní 1971, igi obì kan ṣì wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ náà, lẹ́bàá géètì, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jókòó jẹun ọ̀sán. Lọ́dọọdún, bí obì bá ti gbó, ìyá arúgbó kan máa ń wá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á jẹ́ kí ó wọlé. Yóò ṣa obì rẹ̀, yóò pín díẹ̀ fún àwọn tí ó bá wà lábẹ́ igi, yóò sì máa lọ. Ní nǹkan bí 1975 ni wọ́n gé igi náà kí ọkọ̀ ńlá lè rí àyè yí padà.

"Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

"Tani yóò béèrè orúkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo rántí bí ó ṣe máa ń kí wa. Gbogbo wa tí a wọ aṣọ iṣẹ́, tí ẹ̀rọ ń hó lẹ́yìn wa. Yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò ní, 'Ẹ kú oko o. Àrokobọ́dún o.'"

"Kí ni ẹ máa ń dá a lóhùn?"

"Ẹ̀rín la máa ń rín. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni."